Owó kò tó, àyè kò sí, síbẹ̀ mo fẹ́ máa gun ẹṣin: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Ìkejà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìdílé wa jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìdílé Balógun tó máa ń gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ẹṣin gígùn láti kékeré. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní Ìkejà, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ojúde Ọba nìkan ni mo ń rí ẹṣin gùn. Nígbà tí mo bá fi máa jókòó sórí gàárì, itan mi á ti le, ẹ̀yìn mi á ti gan, ẹṣin tí wọ́n gbé fún mi kò sì ní mọ̀ mí rí. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ó tún di ẹ̀ẹ̀mìíràn.

Mi ò fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹṣin gígùn nìkan ló máa ń mú ọkàn mi kúrò lórí iṣẹ́, mo sì fẹ́ máa gùn ún jálẹ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo bá ti san owó ilé àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ohun tó ń ṣẹ́kù nínú owó oṣù mi kò tó nǹkan. Àárọ̀ Sátidé nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó jẹ́ tèmi, nítorí pé ìyàwó mi máa ń lọ sí ọjà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi ni mo sì ń dúró ti àwọn ọmọ. Ẹnìkan ní kí n ra ẹṣin tèmi, kí n so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú. Ẹlòmíràn ní kí n máa lọ sí etíkun, kí n máa sanwó fún àwọn ọmọ tó ń fi ẹṣin gbé èrò. Kí ni ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí rí sí i?

Ará Ìlọrin

Àbúrò, má tíì ra ẹṣin. Owó tí a fi ń ra ẹṣin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣírò, wọn kì í ṣírò oúnjẹ. Ẹṣin ilẹ̀ wa tó ti dàgbà, tó wúwo tó nǹkan bí 300 kg, yóò jẹ oúnjẹ gbígbẹ bíi 6 kg lójúmọ́ kí ara rẹ̀ tó lè dá ṣáṣá, yóò sì mu omi tó kẹ́ẹ̀gì 25 líta kan, bí oòrùn bá mú tàbí bó bá ṣiṣẹ́, ó lè mu kẹ́ẹ̀gì méjì. Lójoojúmọ́ ni o, Sọ́ńdè àti ọjọ́ Iléyá pẹ̀lú, yálà o wá gùn ún tàbí o kò wá. Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ tó ni ẹ̀yìnkùlé ni yóò máa pọnmi fún un ni? Nígbà òjò, koríko wà káàkiri, èèyàn lè gé e lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́, tí gbogbo koríko bá ti gbẹ, tó di pé à ń ra ewé ẹ̀pà, èèpo ẹ̀wà àti eèrí àgbàdo ní àpò-àpò? Ẹṣin tí a bá tọ́jú dáadáa sì lè lo ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ẹrù tí o fẹ́ gbé rù kì í ṣe ẹrù ọdún kan.

Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹṣin wà ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, nítorí pé àwọn ìdílé jagunjagun ìlú yìí kò jáwọ́ nínú rẹ̀, ẹ sì máa ń rí wọn bí wọ́n bá tú jáde nígbà Iléyá. Ohun tí mo ti kíyè sí ni pé ẹni tó ní ẹṣin àti ẹni tó ráyè gun ẹṣin kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Olóyè tó ní ẹṣin méjì mẹ́ta ń lọ ìpàdé, ó ń lọ ìsìnkú, ó ń lọ Àbújá, ẹṣin wà lórí ìso. Ẹṣin tí a sì so mọ́lẹ̀ láti ọdún kan dé èkejì kò ní ṣe é lò ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, á máa ta gìrì bí ìlù bá dún, bí wọ́n bá sì yin ìbọn, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Irú olóyè bẹ́ẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa gun ẹṣin rẹ̀ déédéé, ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni kò rí.

Wá irú wọn lọ, ṣùgbọ́n má ṣe lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí o gùn ún. Ọmọ tó ń tọ́jú ẹṣin ni kí o kọ́kọ́ bá dọ́rẹ̀ẹ́, nítorí pé òun ló mọ èyí tó ń ta ni nípàá àti èyí tó ń gé ni jẹ, òun náà sì ni ọ̀gá rẹ̀ yóò bi bóyá o mọ nǹkan kan. Tètè dé, gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, kí o nu ara ẹṣin náà láti ọrùn dé ìdí. Gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o fi irin kékeré kọ ẹrẹ̀ inú pátákò kúrò láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Bí o bá kọ ọ́ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, irin lè gún ibi tó rọ̀ láàárín pátákò. Gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ń rùn burúkú, ilẹ̀ tí ẹṣin náà ń dúró sí ti tutù jù. Ẹni tó bá ń ṣe èyí ní Sátidé-Sátidé láìbéèrè ohunkóhun, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi fa okùn ìjánu lé e lọ́wọ́.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni Ará Ìlọrin sọ, mo sì fẹ́ fi ti ìlera kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti máa ń jáde lójijì. Ilẹ̀ igbó bíi ti Ìjẹ̀bú kò rọ ẹṣin lọ́rùn. Eṣinṣin tsetse tó máa ń wà níbi tí igbó àti odò bá wà ló ń gbé kòkòrò àrùn kan sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, àrùn yìí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, pẹ̀lú gbogbo òkìkí àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀, máa ra ẹṣin láti Òkè Ọya lemọ́lemọ́, tí àwọn ẹlẹ́ṣin náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú nínú igbó. Ẹṣin tó bá ní i, ara rẹ̀ á gbóná lónìí, á tutù lọ́la, á máa jẹun síbẹ̀ á máa rù, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ á funfun, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wú. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ lè wá gún ẹṣin, nítorí pé ara ẹṣin kì í gba àwọn oògùn kan bí ti màlúù ṣe ń gbà á.

Yàtọ̀ sí èyí, abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ipá wà, oògùn aràn wà, ẹni tí yóò máa gé pátákò wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, eyín pẹ̀lú sì ń fẹ́ àyẹ̀wò. Inú rírun ni ó tún wá léwu jù. Ẹṣin kò lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gbà jáde. Bí ẹ bá rí ẹṣin tó ń wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ léraléra, tó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀ tó ń dìde, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́, ẹ pe dókítà lóru náà.

Fún ẹni tó fẹ́ háyà tàbí tó fẹ́ bá ẹlòmíràn pín ẹṣin, ẹ wo ẹṣin kí ẹ tó béèrè iye. Ẹ gbé gàárì kúrò, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti èjìká lọ sí ìbàdí. Bó bá tẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín tàbí tó dẹ etí sẹ́yìn, ibẹ̀ ń dùn ún. Ẹ wá ọgbẹ́ ní orí èjìká àti ní igun ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fà á rìn lórí ilẹ̀ líle, kí ẹ sì wo orí rẹ̀: ẹṣin tó bá ń gbé orí sókè sódò ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ iwájú kan bá kanlẹ̀ ń tiro.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn mi kì í fẹ́ gbọ́ ló kàn. Ìwọ̀n tí a sábà máa ń lò ni pé kí ẹni tó gun ẹṣin, pẹ̀lú gàárì àti aṣọ ọrùn rẹ̀, má ṣe wúwo ju ìdá kan nínú márùn-ún ẹṣin náà lọ. Bí ẹṣin bá jẹ́ 300 kg, 60 kg nìyẹn. Ẹ ṣírò ara yín, ẹ ṣírò agbádá aṣọ òkè, ẹ ṣírò gàárì onígi tí wọ́n fi awọ àti ìdẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ti kọjá ìwọ̀n kí wọ́n tó wọ fìlà. Ẹni tó fẹ́ gùn ún ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹṣin tó síngbọnlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kó fọ̀rọ̀ lọ ikùn rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Lẹ́kí

Nípa ti etíkun, ẹ má náwó yín síbẹ̀ bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ nǹkan. Mò ń gbé nítòsí ibẹ̀, mo sì ti gbìyànjú rẹ̀. Ọmọ tó ni ẹṣin á di okùn mú, ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀, ẹ ó ya fọ́tò, owó ti tán. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí èèyàn dá gùn ún bí wọ́n bá rí i pé ó mọ̀ ọ́n gùn, ṣùgbọ́n nínú yanrìn rírọ̀ àti láàárín èrò àti ọmọdé ni. Àwọn ẹṣin kan níbẹ̀ tún rù débi pé ẹni tó bá ka ohun tí Dókítà kọ sókè yìí kò ní lè gorí wọn.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ ìṣirò owó tí ẹ sọ pé ẹ ń ṣe yẹn gan-an ni owó yín. Aránṣọ ni mí. Onílé ẹṣin kan wà lẹ́yìn ìlú wa tó máa ń ra aṣọ abẹ́ gàárì ní ọ̀wọ́n, mo wò ó, mo ní mo lè rán an. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni mo máa ń ṣẹ́ sí méjì, n ó fi aṣọ òwú tó nípọn bò ó, n ó sì ṣọ́ra kí ojú rírán kankan má ṣe wà ní abẹ́ ibi tí ìdí ẹni ń gbé, nítorí pé ojú rírán ló ń bó ẹṣin lẹ́yìn. Mò ń bá a tún àwọn aṣọ ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ṣe pẹ̀lú bí ọdún bá ń bọ̀. Kò san kọ́bọ̀ fún mi, èmi náà kì í san kọ́bọ̀ fún un, mo sì ń gun ẹṣin. Ẹ lọ wo bí àwọn onílé ẹṣin ṣe ń kọ ìnáwó oúnjẹ sí ẹ̀yìn páálí. Ẹni tó bá lè jókòó ní alẹ́ kan nínú oṣù, kó bá wọn to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, kó sì fi hàn wọ́n ibi tí owó ń gbà jò, wọn yóò fi ẹṣin bẹ̀ ẹ́.

Ẹ tún ro ti àwọn ẹṣin pólò. Eré pólò, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá láti orí ẹṣin, pín sí abala-abala, ìṣẹ́jú méje péré ni abala kan, ẹṣin tó bá ti sá abala kan tán gbọ́dọ̀ sinmi. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbá pólò kò fi lè ní ẹṣin kan ṣoṣo. Gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ kí ara wọn máa là. Bí ẹ bá jí gba ẹ̀bá pápá pólò Ẹlẹ́yẹlé níbí kọjá, tàbí ti Ìkòyí níbi tí ẹgbẹ́ pólò Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1904 ń lò, ẹ lè rí ọmọ kan tó jókòó sórí ẹṣin kan tó sì ń fi okùn fa àwọn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Owó wíwọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó oṣù èmi àtẹ̀yin. Ṣùgbọ́n ẹṣin pólò máa ń darúgbó fún eré náà kí ó tó darúgbó fún ìrìn, àwọn tó ni wọ́n sì máa ń wá ibi tí wọn yóò fi irú wọn sí. Wọ́n lágbára, wọ́n síngbọnlẹ̀ ju ẹṣin ilẹ̀ wa lọ, wọ́n sì ti mọ ariwo èrò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń tọ́jú wọn mọ orúkọ yín.

Nípa ti àkókò, ẹ má ka wákàtí. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo máa ń wà lórí gàárì, kí oòrùn tó mú, mo sì máa ń sọ̀kalẹ̀ kí àwọn ìbejì tó jẹun tán nílé ìyá mi. Ìdajì wákàtí tí èèyàn fi kọ́ nǹkan dára ju àárọ̀ kan tí a fi ń rìn gbéregbère lọ. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú irin tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gàárì, ẹ jẹ́ kí itan yín wálẹ̀ gùn, kí ẹṣin máa rìn, lẹ́yìn náà kó máa sáré jẹ́jẹ́, kí ẹnìkan di okùn gígùn mú lọ́wọ́ kejì bí ẹ̀rù bá ń bà yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ yóò jí gbogbo iṣan tí ẹ ti gbàgbé. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ máa dúró sí etí àtẹ̀gùn ilé, kí iwájú ẹsẹ̀ nìkan wà lórí rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Itan tó le tí ẹ ń sọ yẹn, ìjókòó ọ́fíìsì ló fà á. Ẹ máa dìde.

Ọmọ Yorùbá ní Peckham

Níbí ní London, ọ̀nà tí èmi ń gbà ni pé mò ń pín ẹṣin pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Òun ló ra ẹṣin, òun ló ń sanwó ibi tí ẹṣin ń sùn; èmi ń san ìdá kan nínú ìnáwó oṣù, ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ tèmi. Ní ọjọ́ tèmi, èmi ni mo ń kó ìgbẹ́, èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, bí yìnyín bá ń bọ́ tàbí bí kò bọ́. A kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ni yóò san owó dókítà bí ó bá farapa lọ́wọ́ mi, ṣé mo lè mú ẹlòmíràn wá gùn ún, oṣù mélòó ni a ó fi ṣèkìlọ̀ fún ara wa bí ọ̀kan bá fẹ́ jáwọ́. Mo tún jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ British Horse Society ní ìpele tó ní adójútòfò nínú, tó fi jẹ́ pé bí ẹṣin náà bá ṣe ẹlòmíràn léṣe nígbà tí mo wà lórí rẹ̀, kì í ṣe àpò mi nìkan ni wọn yóò dojú kọ.

Ẹni tí kò bá lè san ìyẹn lè lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún Riding for the Disabled Association, ẹgbẹ́ tó ti ń fi ẹṣin ran àwọn abirùn lọ́wọ́ láti 1969. Wọn kò ṣèlérí pé ẹ ó gun ẹṣin, ṣùgbọ́n ẹ ó máa fà á, ẹ ó máa dì í lámùrè, ẹ ó sì máa gbọ́ bí àwọn olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀. Fún àwọn tó ní ọmọ ní gúúsù London, Ebony Horse Club wà ní Brixton, àárín ilé alájà gan-an, fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Ibẹ̀ ni Khadijah Mellah ti kọ́ ẹṣin gígùn kó tó wọ híjáàbù lọ gba ipò kìíní ní ìdíje eré ẹṣin Magnolia Cup ní pápá Goodwood ní 2019. Bí ẹ bá fẹ́ san owó ẹ̀kọ́ níbòmíràn, ẹ wo ìwé àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ lára ògiri kí ẹ tó sanwó, nítorí pé òfin ní kí ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin ní i.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí pé mo rò pé ètò pínpín yìí lè ṣiṣẹ́ nílé pẹ̀lú. Àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ ni a kò fẹ́ràn.

Bàbá Ìmọ̀wò, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn tó sọ pé kí o má ra ẹṣin. Bí ó bá jẹ́ ìwọ nìkan, mo gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ló dé tí ìdílé tó ní ọmọ tó tó báyìí fi ní láti máa háyà ẹṣin ní ọdọọdún, nígbà tí iye owó háyà máa ń fò sókè bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì? Èmi àti àwọn mọ̀lẹ́bí mi dá àjọ sílẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ni wá. A kò ra ẹṣin lọ́jọ́ tí owó rẹ̀ pé. Ìgbà tí owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà pé lórí rẹ̀ ni a tó lọ rà á, nítorí pé owó oúnjẹ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe owó ẹṣin.

A ra ẹṣin tó ti dàgbà, tó ti ní sùúrù. Àwọn ọmọ fẹ́ akọ ẹṣin tó ń jó, tó ń fẹsẹ̀ méjì dúró, mo ní kí wọ́n lọ wo ìyẹn lórí fóònù. Olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ keje jẹ́ ti ẹṣin fúnra rẹ̀. Ọmọ kan ń gbé ibẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, a sì ń san owó rẹ̀ kí a tó san ohunkóhun mìíràn. Àpótí kan wà lọ́tọ̀ fún àìsàn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yá nínú rẹ̀, bó ti wù kí ìṣòro rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹni tí kò bá dá owó fún oṣù méjì á pàdánù ọjọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ nínú ẹṣin kò sọnù. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, àwa tó kù ni yóò tà á fún. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ń wá ra ìgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ajílẹ̀. Bí Ojúde Ọba bá dé, bí ó bá jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò gùn ún nínú wa, a lè fi í háyà fún ìdílé mìíràn tí a mọ̀, owó ọjọ́ náà á sì wọ inú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí a ń so ó sí jìnnà sí odò, a sì ń sun ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ní ìrọ̀lẹ́ kí èéfín lé eṣinṣin.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Ìkejà

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá Ìmọ̀wò, ẹ dárí jì mí, èmi ń gbé Èkó. Bí mo bá fi Sátidé wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lè jẹ àárọ̀ náà tán. Ṣé ó tọ́ kí n wọ inú irú àjọ bẹ́ẹ̀, àbí kí n kọ́kọ́ wá ilé ẹṣin nítòsí? Kí sì ni kí n kọ́kọ́ ra pẹ̀lú owó kékeré tó wà lọ́wọ́ mi?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ wá èyí tó wà nítòsí fún ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹṣin rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wù yín. Ẹṣin tó wà ní ọ̀nà jíjìn ni ẹṣin tí ẹ kò ní gùn. Ẹ máa lọ sí ti Ìjẹ̀bú nígbà ìsinmi ilé-ìwé, kí ẹ mú àwọn ọmọ dání; ìyàwó yín yóò sinmi, yóò sì dákẹ́ ẹjọ́.

Ará Ìlọrin

Àṣíborí ni kí o kọ́kọ́ rà, ìyẹn hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ṣin, kí ó sì jẹ́ tuntun. Ohun gbogbo yòókù lè jẹ́ tòkunbọ̀, àfi òun, nítorí pé fóòmù inú rẹ̀ máa ń tẹ̀ tí ẹni tó ni ín bá ti fi ṣubú rí, o kò sì lè fi ojú rí i. Ti ọ̀kadà kò ṣe é lò: ó wúwo, ọrùn á sì rọ̀ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàtà tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì jọ̀lọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ má baà yọ wọ inú irin ẹ̀gbẹ́ gàárì kọjá, kí ẹṣin má baà wọ́ ọ nílẹ̀ bí o bá ṣubú. Gàárì lè dúró. Bí àkókò rẹ̀ bá tó, ra èyí tí àwọn tó ń gbá pólò ti lò, kí o gbé e lọ bá àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́ láti pààrọ̀ awọ tó ti gbó. Okùn tó ń fún gàárì mọ́ abẹ́ ikùn ẹṣin ni kí o kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ̀ wò, kí o sì fa gbogbo ojú rírán rẹ̀ fúnra rẹ kí o tó sanwó.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Ẹ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ipá ti ẹ̀yin fúnra yín kún un. Ilé ẹṣin ni ilé àrùn náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Ìkejà

Mo ti ṣe é báyìí. Ọ̀gá kan tó ní ẹṣin mẹ́rin ní ìhà Ẹ̀pẹ́ ti gbà kí n máa bá òun to ìwé ìnáwó òun, ọmọ tó ń tọ́jú ẹṣin sì ní kí n dé ní aago mẹ́fà ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n mú búrọ́ọ̀ṣì tèmi lọ́wọ́. Mo ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ nípa àjọ ti Bàbá Ìmọ̀wò. Àwa mẹ́rin ti gbà, a ń wá ènìyàn méjì sí i láti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i, kó kọ ọjọ́ tó ráyè láàárín ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́, àti iye tó lè máa dá lóṣù, kó sì bá wa kọ ìwúwo rẹ̀ sí i pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi àgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 kg, a ò sì tíì mọ bí a ó ṣe sọ fún un.